Bí Bébà Rírún Ṣe Ń Di Ọ̀ṣọ́ Lára Káàdì

Aṣọ tó bá rún, áyọ́ọ̀nù ni oògùn rẹ̀. Bébà ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti fún bébà pọ̀ ní àtẹ́lẹwọ́ lẹ́ẹ̀kan, kó lọ̀ ọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò lè rí bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ríìmù mọ́. Ibi tí ìlà bá ti gbà kọjá lára rẹ̀, fọ́nrán ibẹ̀ ti ṣẹ́. Ọgbẹ́ yìí gan-an ni àwọn tó ń fọwọ́ ṣe káàdì ọjọ́ìbí àti ti ìgbéyàwó ń wá, torí ojú ọgbẹ́ máa ń mu àwọ̀ ju ibi tí ara ti dá ṣáṣá lọ.

Fọ́nrán igi ni bébà. Wọ́n á se igi náà títí á fi rọ̀, wọ́n á pò ó mọ́ omi, wọ́n á dà á sórí asẹ́, omi á ro dànù, fọ́nrán á sì máa so mọ́ra bó ṣe ń gbẹ. Nínú bébà A4 tí gbogbo wa ń fi ṣe fọ́tókọ́pì, wọ́n máa ń po ẹfun mọ́ ọn kó lè funfun, wọ́n á tún fi sítáàṣì pa á lójú kí íńkì má baà ràn káàkiri. Sítáàṣì yìí wà lára ògiri tí kì í jẹ́ kí omi tètè wọlé. Bí bébà bá rún, ògiri lanu, aláǹgbá sì ráyè wọlé. Omi tíì tàbí íńkì tí wọ́n bá tú lé e lórí ni aláǹgbá ibí yìí.

Kí ló dé tí ìlà ọ̀hún fi máa ń rí gọ́ńgọ́-gọ̀ǹgọ̀, tí kì í rọra tẹ̀ bíi ti aṣọ? Bébà gbà kí wọ́n ká òun, kò gbà kí wọ́n fa òun. Ẹni tó bá fi bébà wé ọsàn á rí i pé kò lè lẹ̀ mọ́ ọn lára dáadáa. Ibì kan á ṣáà máa yọ ṣóńṣó. Nínú ìkúùkù, ọwọ́ ń fipá mú un kó tẹ̀ sí ọ̀tún àti sí òkè lẹ́ẹ̀kan náà. Kò lè ṣe é. Ohun tó máa ń ṣe ni pé á pín ara rẹ̀ sí pẹlẹbẹ kéékèèké, á sì kó gbogbo ìnira náà sórí ìlà tó wà láàrin wọn. Bí wọ́n bá tú u, tí wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè gba ẹ̀gbẹ́ bọ́ sí i lára, òkè àti àfonífojì ni èèyàn máa rí. Ibi tí ìlà mẹ́ta mẹ́rin ti pàdé máa ń ṣe ṣóńṣó bí ẹnu ìṣó. Ibẹ̀ ló fọ́ jù, ibẹ̀ náà ló sì máa ń dúdú jù bí wọ́n bá da àwọ̀ sí i.

Àwọn tó ń fún bébà pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá ń dá ara wọn lágara lásán ni. Lọ́dún 2018, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ kan jáde: wọ́n ń fún rọ́bà fẹ́lẹ́ kan pọ̀, wọ́n ń tú u, wọ́n sì ń wọn bí gbogbo ìlà ara rẹ̀ ṣe gùn tó lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ìlà tuntun ń dín kù bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe, torí ojú ìlà àtijọ́ ni rọ́bà náà fẹ́ràn láti tẹ̀ sí. Lórí bébà, ẹ̀ẹ̀mẹta ti tó. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹrin, ihò ló kù tó máa yọ.

Omi ló ń yí ìrísí ìlà padà. Bébà gbígbẹ máa ń dún pàràpàrà lọ́wọ́, ìlà rẹ̀ máa ń mú, ó máa ń gùn, kì í sì í pọ̀. Omi ní tirẹ̀ máa ń tú ìdè tó wà láàrin fọ́nrán, bébà á rọ̀ bí aṣọ àlòkù, ìlà rẹ̀ á wẹ́, á hunjọ bí ẹ̀yìn ọwọ́ àgbàlagbà. Bó bá ń gbẹ, ìdè yẹn á tún so, bó bá sì ṣe bá bébà ló máa dè é sí. Ìgò tí àwọn tó ń lọ aṣọ fi ń fín omi ti tó fún iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá ri bébà sínú abọ́ omi á mọ̀ ọ́n nígbà tó bá fẹ́ tú u: ìdajì á bá àtàǹpàkò lọ.

Àwọ̀ wá kù. Bó bá jẹ́ inú kòtò ni wọ́n fẹ́ kó dúró sí, wọ́n á po tíì dúdú tàbí kọfí kó le dáadáa, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún, wọ́n á jẹ́ kó wọlé díẹ̀, wọ́n á wá fi tíṣù nu ojú rẹ̀. Èyí tó wà lórí pẹlẹbẹ á bá tíṣù lọ, èyí tó ti wọ ojú ọgbẹ́ ò ní kúrò, bébà á sì dà bí ìwé ilẹ̀ tí bàbá bàbá ẹni fi sínú àpótí. Bó bá jẹ́ orí òkè ni wọ́n fẹ́ ẹ, páàdì íńkì tí wọ́n fi ń lu òǹtẹ̀ ni wọ́n máa gbé, wọ́n á dojú rẹ̀ bolẹ̀, wọ́n á rọra fi rá orí bébà tó ti gbẹ. Ibi tó ga nìkan ló máa kàn. Méjèèjì lè wà lára bébà kan, àwọ̀ olómi ló kàn gbọ́dọ̀ ṣáájú. Áyọ́ọ̀nù ò sì gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ kí wọ́n tó lo páàdì, torí òkè tí áyọ́ọ̀nù bá ti tẹ̀ pa, páàdì á kun gbogbo rẹ̀ bákan náà.

Aláàdìrẹ tó bá ń ka èyí á ti máa rẹ́rìn-ín. Lára àdìrẹ alábẹ́là, wọ́n á fi àbẹ́là yíyọ́ lu aṣọ, bí aṣọ bá sì rún nínú aró, àbẹ́là á sán, aró á gba ibẹ̀ wọlé, á fi ìlà tín-ín-rín sílẹ̀. Ó ṣeé ṣe lórí bébà: wọ́n á fi àbẹ́là pa á lójú, wọ́n á fún un pọ̀, wọ́n á fi íńkì olómi kùn ún. Bó bá gbẹ, wọ́n á fi sáàárín ìwé ìròyìn, wọ́n á lọ̀ ọ́, ìwé ìròyìn á fa àbẹ́là náà jáde. Lójú tèmi, kò sí èyí tó rẹwà tó o.

Bébà fọ́tókọ́pì, oníwọ̀n gíráàmù 80 fún mítà kan níbùú lóòró, ṣeé fi kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n ó tètè ń ya, torí fọ́nrán rẹ̀ kúrú; ti igi yukalíptọ́ọ̀sì kì í sábà ju mìlímítà 1 lọ. Ti páìnì máa ń tó mìlímítà 3, irú rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń ṣe bébà aláwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kraft. Carl Dahl ló gbé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é kalẹ̀ lọ́dún 1879 ní ìlú Danzig, tó wà lábẹ́ Jámánì nígbà náà. "Agbára" sì ni kraft túmọ̀ sí lédè wọn. Àpò sìmẹ́ǹtì nìyẹn, tí àwọn òbí wa fi ń bo ìwé iléèwé. Ní Japan, momigami, ìyẹn bébà tí wọ́n pò bí ẹni po ìyẹ̀fun, jẹ́ iṣẹ́ àtijọ́: wọ́n á fi sítáàṣì iṣu konnyaku pa bébà tí fọ́nrán rẹ̀ gùn ju ti páìnì lọ fíìfíì, wọ́n á máa fọwọ́ fún un títí á fi rọ̀ débi tí wọ́n ń fi rán aṣọ.

Ìgbà tí wọ́n bá ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ káádìbọ́ọ̀dù ni iṣẹ́ sábà ń bàjẹ́. Gọ́ọ̀mù olómi máa ń mú kí fọ́nrán wú ní ìbú, bó bá sì ń gbẹ, á sún kì, á fa káàdì ká bí ewé gbígbẹ. Gọ́ọ̀mù fẹ́lẹ́ ni kí wọ́n fi sí i, kí wọ́n fi ìwé kan tàbí méjì tẹ̀ ẹ́ mọ́jú. Bíbélì ńlá ti pọ̀ jù, á tẹ àwọn òkè náà rẹ́. Kí wọ́n gé bébà ju ìwọ̀n káàdì lọ kí wọ́n tó fún un pọ̀, torí ó máa ń sún kì, kí wọ́n wá fi àlùmọ́gàjí gé etí rẹ̀ lẹ́yìn. Bírò máa ń fò lórí ojú tó rún, nítorí náà orí bébà kékeré tó tẹ́jú ni wọ́n máa ń kọ ọ̀rọ̀ ìkíni sí, wọ́n á wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín rẹ̀.