Fẹ́kítọ̀ Ni Fáìlì Mi: Ṣé Léésà Á Gé E Bó Ṣe Rí?

“Fẹ́kítọ̀ ni fáìlì mi, ẹ ṣáà gbé e sórí ẹ̀rọ.” Àwọn tó ń fi léésà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán iná gé nǹkan, gé pákó àti ákírílíìkì (ike líle tó ń dán) ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi sú wọn. Èrò ẹni tó ń sọ ọ́ ni pé níwọ̀n ìgbà tí orúkọ fáìlì òun bá ti parí sí SVG, DXF tàbí PDF, tí iṣẹ́ náà sì gún régé lójú kọ̀ǹpútà, ó ku kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: ìlà ni léésà máa ń tẹ̀ lé tó bá fẹ́ gé nǹkan, fáìlì fẹ́kítọ̀ ló sì ń gbé ìlà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé ohun tí ojú wa ń rí nínú fáìlì yàtọ̀ sí ohun tí ẹ̀rọ ń rí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti orúkọ fáìlì kúrò nílẹ̀. Ẹ gbé fọ́tò JPEG sínú Inkscape, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń yàwòrán, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí SVG: fọ́tò náà ò yí padà, inú fáìlì mìíràn ló kàn lọ jókòó sí. Léésà lè fín irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ sára pákó, àmọ́ kò sí ìlà kankan níbẹ̀ tó lè tẹ̀ lé láti gé e. Ẹ fẹ̀ ẹ́ lójú kọ̀ǹpútà títí tí yóò fi tóbi dáadáa. Bí etí rẹ̀ bá ń ya sí igun mẹ́rin kéékèèké, fọ́tò lẹ mú lọ́wọ́.

Àwọn kan mọ èyí, wọ́n á wá ní kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ fa ìlà yí fọ́tò náà ká. Ó wúlò, ṣùgbọ́n etí àwọ̀ dúdú ló sábà máa ń fa ìlà sí, kì í fà á sáàárín rẹ̀. Ìlà dúdú kan tó fẹ̀ tó mílímítà kan á di ìlà méjì tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, léésà á sì gé méjèèjì. Ibi tí wọ́n fẹ́ kó là gààrà á wá máa ju okùn pákó tín-ín-rín sílẹ̀. Láti Inkscape 1.0 ni ọ̀nà àtifa ìlà kan ṣoṣo sáàárín ti wà nínú irinṣẹ́ náà, síbẹ̀ tí àwòrán ò bá le púpọ̀, èmi fara mọ́ kéèyàn fi ọwọ́ tún un yà. Kọ̀ǹpútà máa ń da ọgọ́rọ̀ọ̀rún node (ojúkò tó ń di ìlà mú) síbi tí mẹ́rin ti tó, ẹ̀rọ á sì máa gbọ̀n níbi tó yẹ kó yọ̀ lọ wẹ́rẹ́.

Ká wá ní ìlà gidi ló wà nínú fáìlì. Bí afọ́jú tó di okùn mú ni léésà ṣe ń ṣiṣẹ́: ibi tí okùn bá gbà ló ń gbà, kò mọ̀ bóyá wọ́n fi nǹkan bò ó. Ẹni tó fẹ́ mú apá kan kúrò nínú àwòrán lè fi bọ́ọ̀kìsì funfun bo apá náà mọ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ ìwé ni wọ́n fẹ́ tẹ̀, ó ti lọ nìyẹn. Lórí léésà, ẹ̀rọ lè gé apá tí wọ́n bò, kó sì tún gé bọ́ọ̀kìsì funfun náà mọ́ ọn. Ohun tí wọ́n fi mask, irinṣẹ́ tó ń fi apá kan àwòrán pa mọ́, bò náà ò sá jìnnà. Ó sábà máa ń yọ orí padà tí fáìlì bá ti dé inú ètò tó ń darí ẹ̀rọ.

Èyí tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù ni ìlà tó gun orí ìlà. Ẹ ya onígun mẹ́rin méjì kí wọ́n fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn: ojú rí ìlà kan láàárín wọn, bẹ́ẹ̀ méjì ni. Ẹ ṣe ẹ̀dà nǹkan kan, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó wà tẹ́lẹ̀, kí ẹ gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀: méjì náà ni. Léésà á gé ìlà náà tán, á sì padà wá gé e lẹ́ẹ̀kan sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí nǹkan tó kù láti gé. Etí pákó á dúdú, àyè tí iná jẹ á fẹ̀ sí i, etí ákírílíìkì tó ti ń dán á tún yọ́, tó bá sì jẹ́ páálí tàbí ìwé, iná lè sọ. Ẹyọ kan tó ti já bọ́ tún lè ti fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kí iná tó padà dé, kó wá fín ojú rẹ̀ níbi tí wọn ò rán an sí.

Ọ̀nà wà láti fi ojú ẹ̀rọ wo fáìlì. Nínú Illustrator, ètò ìyàwòrán mìíràn, ẹ tẹ Ctrl+Y. Nínú Inkscape, ẹ lọ sí View, Display Mode, kí ẹ yan Outline. Gbogbo àwọ̀ á lọ, egungun ìlà nìkan á kù, gbogbo ohun tí wọ́n bò mọ́lẹ̀ á sì hàn sí gbangba. Àmọ́ ìlà tó gun ara wọn gẹ́lẹ́ ò ní hàn níbẹ̀ pàápàá. Ẹ fi máòsì fa ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tí òmíràn bá kù síbi tó wà, ọwọ́ ti bà á. LightBurn, ètò tó ń darí ẹ̀rọ léésà, ní Alt+D tó ń pa irú wọn rẹ́.

Ọ̀rọ̀ kíkọ náà ní tiẹ̀. Bí ẹ ò bá sọ ọ́ di ìlà kí fáìlì tó kúrò lọ́wọ́ yín, tí irú lẹ́tà náà ò sì sí lórí kọ̀ǹpútà tó fẹ́ gé e, òmíràn á gba ipò rẹ̀. Tí ẹ bá ń gé ọ̀rọ̀ sínú pákó, inú O àti A á já bọ́ àfi tí ẹ bá ṣe afárá tó so ó mọ́ ara yòókù. Tó bá sì jẹ́ lẹ́tà fúnra wọn lẹ fẹ́ gé yọ, àmì ohùn orí lẹ́tà àti àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ á dá dúró gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kéékèèké, wọ́n á sì bọ́ sínú ẹ̀rọ. Ẹ so wọ́n mọ́ lẹ́tà nígbà tẹ́ ẹ bá ń yà á.

Ìwọ̀n ńkọ́? DXF kì í fìgbà gbogbo sọ bóyá mílímítà tàbí íǹṣì ni nọ́ńbà inú rẹ̀, ẹni tó bá ṣì í gbé á rí nǹkan tó tóbi jù tàbí tó kéré jù ní ìlọ́po 25.4. Ti SVG tí wọ́n fi píksẹ́lì (ẹyọ àmì kékeré tó ń para pọ̀ di àwòrán lójú kọ̀ǹpútà) wọ̀n ló burú, torí kì í tètè hàn. Inkscape ka píksẹ́lì 96 sí íǹṣì kan, Illustrator ka 72. Ohun tó jẹ́ mílímítà 100 níbì kan lè di 133 níbòmíràn, kó ṣì rí bákan náà lójú. Ẹ kọ ìwọ̀n tẹ́ ẹ fẹ́ mọ́ fáìlì nígbà tẹ́ ẹ bá ń fi í ránṣẹ́.

Ká tiẹ̀ ní gbogbo èyí pé, nǹkan tí ẹ̀rọ gé ò ní rí bí wọ́n ṣe yà á gẹ́lẹ́. Ìlà inú fáìlì ò fẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n iná fẹ̀, ó sì máa ń jẹ nínú pákó. Kerf ni wọ́n ń pe àyè tó jẹ yìí. Ká fi í sí mílímítà 0.2, ìdajì rẹ̀ á bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ìlà. Ahọ́n, ìyẹn etí pákó tó yọ síta láti wọ inú ihò pákó kejì, tí wọ́n yà ní 10 á jáde ní 9.8, ihò tó yẹ kó wọ̀, tí wọ́n yà ní 10, á di 10.2. Àpótí tí wọ́n bá fi wọ́n kàn á máa mì lọ́wọ́.

Kò sí nọ́ńbà kerf kan tó kárí. Ó ń yí pẹ̀lú ohun tí wọ́n ń gé, bó ṣe nípọn tó, lẹ́ńsì àti eré tí ẹ̀rọ ń sá. Ẹ ní kí wọ́n gé onígun mẹ́rin 20 mílímítà lára pákó yẹn gan-an, kí ẹ fi kálípà (irinṣẹ́ tó ń wọn nǹkan pẹ́kípẹ́kí) wọ̀n ọ́n. Tó bá jẹ́ 19.8, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ẹ wọn pákó náà pẹ̀lú, torí èyí tí wọ́n pè ní mílímítà 3 lè má pé 3. Lẹ́yìn náà kí ẹ béèrè ẹni tó máa ṣe àtúnṣe kerf, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ya àwòrán ni àbí ẹni tó ń darí ẹ̀rọ. Bí ẹ bá ti fi kún ahọ́n, tí ẹ sì ti dín ihò kù, tóun náà tún wá ṣe é nínú LightBurn, ahọ́n á jáde ní 10.2, ihò á jẹ́ 9.8. Pákó lè gbà pé kí wọ́n fi òòlù tì í wọlé, àmọ́ ṣe ni ákírílíìkì máa là.