Èédú tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹni tó gbé májèlé mì

Èédú tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹni tó gbé májèlé mì, tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní activated charcoal, jẹ́ ẹ̀tù dúdú tó kúnná gan-an, kò lóòórùn, kò dùn, kò dẹ̀ korò. Wọ́n á pò ó mọ́ omi kí aláìsàn mu ún, tàbí kí wọ́n gba imú ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ wọ inú ikùn rẹ̀. Igi tàbí èèpo àgbọn ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é, wọ́n á jó o níbi tí atẹ́gùn ò ti ráàyè wọlé, lẹ́yìn náà wọ́n á fi ooru omi gbígbóná janjan lù ú, ìyẹn ló máa ń dá ihò wẹ́wẹ́ tójú ò lè rí sí i lára. Inú àwọn ihò yẹn ni gbogbo agbára rẹ̀ wà. Tí èèyàn bá lè tẹ́ ojú gíráàmù kan ṣoṣo sílẹ̀, á bo púlọ́ọ̀tì ilẹ̀ 60 sí 120 ẹsẹ̀ bàtà tán, á dẹ̀ tún ṣẹ́kù. Ìdí nìyí tí èédú àwọn ìyá oníbọ̀ọ̀lì ní Ṣágámù tàbí Ìjẹ̀bú-Òde ò fi lè ṣe iṣẹ́ yìí, kódà kí wọ́n gún un kúnná bí ẹ̀lùbọ́.

Èédú yìí kì í pa májèlé o, ńṣe ló máa ń dì í mú mọ́ra nínú ikùn àti ìfun kó má baà ráyè wọnú ẹ̀jẹ̀, àwọn méjèèjì á wá jọ bá ìgbẹ́ jáde. Ó yẹ kí èédú tó ìlọ́po mẹ́wàá májèlé tó wà nínú, àgbàlagbà sábà máa ń gba 50 gíráàmù, tọmọdé jẹ́ ìdajì gíráàmù sí gíráàmù kan fún kílò kọ̀ọ̀kan tó bá wọ̀n.

Àsìkò ló ṣe pàtàkì jù. Láàárín wákàtí kan sígbà tí èèyàn gbé nǹkan náà mì ló máa ń wúlò jù, torí ohun tó bá ti wọ ẹ̀jẹ̀, èédú ò sábà rí i mú mọ́. Ẹni tó wà lóko lẹ́yìn Òde-Rẹ́mọ tí wọ́n kọ́kọ́ ń fi epo pupa àti mílíìkì tọ́jú, kí wọ́n tó wá ọ̀kadà tó máa gbé e dé ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Ṣágámù, wákàtí yẹn ti lọ. Epo pupa kì í ṣe ẹ̀rọ̀ májèlé, tó bá dẹ̀ mú kí èèyàn bì, èébì lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ.

Ó máa ń mú paracetamol, chloroquine, amitriptyline àti ọ̀pọ̀ oògùn mìíràn dáadáa. Fún quinine, phenobarbital, carbamazepine, dapsone àti theophylline, wọ́n lè fún aláìsàn léraléra, torí èédú ṣì lè fa èyí tó ti wọ ẹ̀jẹ̀ padà sínú ìfun.

Àwọn nǹkan tí kò lè mú náà pọ̀: ọtí, lithium (oògùn àrùn ọpọlọ kan), oògùn ayọ́ọ̀nù tí wọ́n ń fún aboyún, omi bátìrì, kọ́sítíìkì sódà tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ. Cyanide inú ẹ̀gẹ́ tí wọn ò ṣe dáadáa, agbára káká ló fi ń mú un (gàrì Ìjẹ̀bú tó ti kan dáadáa kì í fi bẹ́ẹ̀ ní in mọ́). Epo òyìnbó ló tiẹ̀ burú jù, ọmọdé á rí i nínú ike omi, á rò pé omi ni, á gbé e mu, èédú ò ní ṣe nǹkan kan fún un, tó bá dẹ̀ bì, epo náà á wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi epo òyìnbó sínú ike omi.

Ti apakòkòrò bíi Sniper, tí àwọn kan ń fín sí ẹ̀wà àti obì láti tọ́jú ẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Sri Lanka, tó jáde ní 2008, wo èèyàn tó lé ní 4,600, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló gbé oògùn oko mì, àwọn tí wọ́n fún ní èédú ò fi bẹ́ẹ̀ yè ju àwọn tí wọn ò fún lọ. Oògùn kan tó ń jẹ́ atropine ni àwọn dókítà gbójú lé jù fún irú Sniper yìí. Ní 2019 ni NAFDAC fòfin de títa ìgò rẹ̀ kékeré.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ agbára èédú yìí. Ní 1813, Bertrand ará Faransé gbé arsenic gíráàmù márùn-ún mì pẹ̀lú èédú, kò kú, Touéry náà ṣe irú ẹ̀ pẹ̀lú strychnine níwájú àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní ọ̀rúndún kan náà, ohun tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dán wò. Lónìí, ó wà lára àwọn oògùn tí àjọ WHO kà sí kò-ṣeé-má-nìí. Síbẹ̀ láti 1997 ni àwọn onímọ̀ májèlé Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ti sọ pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá gbé májèlé mì ló yẹ kí wọ́n fún.

Ẹni tó ń tòògbé tàbí tó dákú, wọn ò gbọ́dọ̀ rọ èédú yìí sí i lẹ́nu, torí ó lè gba ọ̀nà atẹ́gùn lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, àfi tí dókítà bá ti kọ́kọ́ ki rọ́bà sí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ẹni tí ìfun rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ náà ò gbọ́dọ̀ gbà á. Àwọn mìíràn máa ń bì tí wọ́n bá mu ún, inú àwọn mìíràn á há, ìgbẹ́ gbogbo wọn á dúdú fún ọjọ́ kan tàbí méjì, ìyẹn ò léwu.