Bí èso ọ̀pọ̀tọ́ ṣe di orúkọ ẹ̀dọ̀

Ẹ bi ẹni tó gbọ́ Faransé ní Kútọnu pé kí ni wọ́n ń pe ẹ̀dọ̀, á ní foie, bíi "fwa" ló máa ń dún lẹ́nu wọn. Èso ni ọ̀rọ̀ yẹn ti ṣẹ̀ wá o, ọ̀pọ̀tọ́, igi tí Ádámù àti Éfà fi ewé ẹ̀ bora nínú Bíbélì yẹn gan-an.

Àwọn Gíríìkì àtijọ́ máa ń fi ọ̀pọ̀tọ́ bọ́ ẹran kí ẹ̀dọ̀ ẹ̀ lè tóbi kó sì lọ́ràá. Hepar lẹ̀dọ̀, sykon lọ̀pọ̀tọ́, ni wọ́n bá ń pe ẹ̀dọ̀ ẹran bẹ́ẹ̀ ní hepar sykoton. Àwọn ará Róòmù náà tẹ̀ lé wọn, iecur lẹ̀dọ̀ ní Látìn, ficus lọ̀pọ̀tọ́, ó di iecur ficatum. Pliny, òǹkọ̀wé ará Róòmù àtijọ́ kan, tiẹ̀ kọ ọ́ pé Apicius, ará Róòmù kan tó fẹ́ràn oúnjẹ aládùn, ló dá ti ẹlẹ́dẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á fi ọ̀pọ̀tọ́ gbígbẹ bọ́ ẹlẹ́dẹ̀ títí á fi sanra, wọ́n á wá fún un ní wáìnì olóyin mu, ibẹ̀ ló ń gbà kú.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé: nígbà tó yá àwọn èèyàn ò pe méjèèjì pọ̀ mọ́, wọ́n ju iecur nù, ficatum nìkan ló kù lẹ́nu wọn, bí àwa náà ṣe ń ní kí wọ́n bá wa ra Omo tó jẹ́ pé ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun èyíkéyìí la ń wí. Bí ẹ̀dọ̀ ewúrẹ́, ẹ̀dọ̀ màlúù, títí kan ẹ̀dọ̀ èèyàn tí ò fẹnu kan ọ̀pọ̀tọ́ rí ṣe ń jẹ́ ficatum nìyẹn! Ó di fegato ní Ítálì, hígado ní Sípéènì, fígado ní Pọ́túgà àti Brazil. Àwọn Faransé ló gé e kúrú jù, wọ́n gé e títí ó fi di foie. Àwọn Gíríìkì pàápàá, sykoti ni wọ́n ń pe ẹ̀dọ̀ lónìí.

Hepar ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn dókítà ṣá, òun ló wà nínú hépatite, ìdí nìyẹn tí orúkọ àrùn ẹ̀dọ̀ ò fi jọ orúkọ ẹ̀dọ̀ fúnra ẹ̀ rárá ní Faransé. Ti pé ọ̀pọ̀tọ́ wà nínú foie ti kúrò lọ́kàn wọn pátápátá, débi pé tí wọ́n bá fẹ́ dárúkọ ẹ̀dọ̀ ẹran tí wọ́n bọ́ sanra báyìí, àfi kí wọ́n tún fi gras, ìyẹn ọlọ́ràá, kún un, foie gras.