Ẹni tó ń ṣe másáàjì, kí ló dé tí àtàǹpàkò rẹ̀ fi ń ro ó?

Ìbéèrè: Ọdún méjì péré ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ másáàjì, àtàǹpàkò ọ̀tún mi ti ń dùn mí débi pé mi ò lè ṣí ìdérí ìgò mọ́. Ṣé agbára mi ni kò tó ni?

Ìdáhùn: Agbára kọ́ rárá. Ẹ wo ìdí àtàǹpàkò yín, níbi tó ti so mọ́ ọrùn ọwọ́. Oríkèé kékeré kan wà níbẹ̀ tó rí bíi gàárì ẹṣin. Òun ló jẹ́ kí àtàǹpàkò lè yí síbí, yí sọ́hùn-ún, kó sì kan gbogbo ìka yòókù. Iṣẹ́ dídi nǹkan mú ni tirẹ̀, kì í ṣe kó máa tẹ ẹ̀yìn ènìyàn márùn-ún lójúmọ́.

Tí ẹ bá fẹ́ tẹ ẹ̀yìn oníbàárà, ẹ fi ẹsẹ̀ kan síwájú, ìkejì sẹ́yìn, kí ẹ na apá, kí ẹ wá fara tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìwúwo ara yín ni yóò ṣe iṣẹ́ náà. Ìgúnpá ni kí ẹ lò fún ìdí àti itan. Ẹ wo bẹ́ẹ̀dì náà: tí ẹ bá dúró tì í, tí ẹ ju apá sílẹ̀, tí ẹ di ẹ̀ṣẹ́, ibi tí ẹ̀ṣẹ́ bá dé ni kí òkè rẹ̀ wà. Kí ẹ tó ṣe gbogbo èyí, ẹ sinmi ọwọ́ yẹn ná, kí ẹ sì jẹ́ kí dókítà wò ó.

Ìbéèrè: Olùkọ́ mi ní kí n má ra ẹsẹ̀ tó bá wú. Ṣebí torí ẹsẹ̀ ríro ni àwọn oníbàárà ṣe ń wá bá mi?

Ìdáhùn: Olùkọ́ yín gbà yín là. Ìyá ọmọ tuntun kan wá bá mi rí, ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e, wọ́n ní kí n fi òróró gbígbóná ra ẹsẹ̀ òsì fún un. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹ̀yìn ojúgun méjèèjì: ọ̀tún tutù, òsì gbóná, ó wú, ó sì ń dun ún. Mi ò rà á. Mo ní kí wọ́n gba ọsíbítù lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Irú ẹ̀jẹ̀ dídì bẹ́ẹ̀, tí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́, ó lè já, kó gba inú ọkàn kọjá, kó lọ dí ẹ̀dọ̀fóró. Ó ń pani. Ẹ fura sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, àti ẹni tó jókòó pẹ́ nínú ọkọ̀. Tí mímí bá ń ni ẹni náà lára, kò sí pé à ń dúró mọ́.

Ìbéèrè: Tí mo bá dárúkọ iṣẹ́ mi, àwọn ènìyàn á máa rẹ́rìn-ín kọ̀rọ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ní 1894, nígbà tí ilé aṣẹ́wó ń fi orúkọ másáàjì bojú ní Lọ́ńdọ̀nù, nọ́ọ̀sì mẹ́rin dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti gba orúkọ iṣẹ́ wọn padà. Ìdánwò ni wọ́n fi ń gbani wọlé, wọn kì í sì í ṣe másáàjì láìsí àṣẹ dókítà. Ẹgbẹ́ yẹn náà ló di ẹgbẹ́ àwọn físíò, ìyẹn àwọn tó ń fi ìdárayá àti ọwọ́ tọ́jú ara, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí.

Tiyín náà, ẹ ra ìwé kan. Kí oníbàárà tó bọ́ ẹ̀wù, ẹ bi í ní àìsàn tó ní, oògùn tó ń lò, ibi tí kò fẹ́ kí ẹ fọwọ́ kàn, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójú rẹ̀. Tòwẹ́ẹ̀lì bo gbogbo ara, àfi ibi tí ọwọ́ yín wà.