Kí Ẹ Tó Gbà Pé Hard Drive Yín Ti Kú

Nínú gbogbo ohun tó ti ba fáìlì àwọn oníbàárà mi jẹ́, ìbéèrè kan tí Windows máa ń gbé sójú kọ̀ǹpútà ló burú jù, èyí tó ní kí a format hard drive tí a kì bọ̀ ọ́ (ìyẹn ni pé kí a tún un ṣètò bí òfìfo) kí a tó lè lò ó. Ẹni tí àyà rẹ̀ ti já yóò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí ó rò pé kọ̀ǹpútà fẹ́ bá òun tún un ṣe ni. Ẹ má gbà á. Ohun tí kọ̀ǹpútà ń sọ kò ju pé òun kò rí atọ́ka tó ń fi ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà han òun. Àwọn fáìlì náà sábà máa ń wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Àmọ́ ẹlòmíràn kì í tilẹ̀ rí ìbéèrè kankan, ńṣe ni kọ̀ǹpútà ń ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan tí a kì bọ̀ ọ́. Wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Èyí tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ pẹlẹbẹ, tó dà bí ẹnu méjì tí a so pọ̀, kì í pẹ́ yẹ̀ lójú ihò rẹ̀. Bí ẹ bá wá òmíràn, kí ó má jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún gbígba iná nìkan, nítorí kò ní okùn tí ń gbé fáìlì kọjá: iná ara hard drive yóò tàn, kọ̀ǹpútà kò sì ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo bí iná ṣe ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìwọ̀n iná 500 mA (mílíámpíà) ni ihò USB 2.0 là sílẹ̀ fún ohun tí a bá kì bọ̀ ọ́, 900 mA sì ni ti USB 3.0 tí inú rẹ̀ sábà máa ń ní àwọ̀ búlúù. Hard drive alágbèéká tó ní àwo tí ń yí nínú lè fẹ́ ju 500 mA lọ nígbà tó bá ń gbéra, nítorí náà ẹ yọ ọ́ kúrò lára hub (ohun tí ń sọ ihò USB kan di púpọ̀), kí ẹ sì kì í bọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà orí tábìlì dípò iwájú rẹ̀. Èyí tó tóbi, ti íǹṣì 3.5, ní adapter tirẹ̀ tí ń fún un ní 12 V, adapter yìí sì wà lára ohun tí iná tó bá dé pẹ̀lú agbára òjijì máa ń kọ́kọ́ jó nílẹ̀ wa.

Ẹ wá gbé e sétí. Bí ó bá ń dún kọ̀, kọ̀, kọ̀, ẹ yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Àwo inú ọ̀pọ̀ wọn ń yí ní ìgbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan, orí tí ń kà á sì ń léfòó lókè rẹ̀ ní àlàfo tó tín-ín-rín ju irun orí lọ jìnnà. Bí orí yìí bá ti bàjẹ́, gbogbo ìgbìyànjú lè máa ha fáìlì kúrò lójú àwo. Ẹ má tú u nílé, pàápàá lásìkò ọyẹ́, ẹ má sì gbé e sínú fìríìsà bí àwọn kan ti ń gbani nímọ̀ràn, nítorí omi ni yóò ṣẹ́ sí i nínú.

Bí ó bá ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ X, kí ẹ yan Disk Management, ibi tí Windows ti ń to gbogbo hard drive tó rí. Bí ó bá hàn níbẹ̀ láìní lẹ́tà tí Windows fi ń pè é (bí E: tàbí F:), ẹ fún un ní lẹ́tà, ó lè tán síbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ orí Mac ni wọ́n ti ṣètò rẹ̀, Windows lè má lè kà á, ẹ gbé e padà sórí Mac. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí RAW, tó túmọ̀ sí pé Windows kò dá ètò inú rẹ̀ mọ̀, ẹ má sáré lo chkdsk, irinṣẹ́ tí Windows fi ń tún hard drive ṣe, nítorí ó lè kọ nǹkan sórí hard drive tó ṣeé ṣe kó ti ń kú lọ. Èmi a kọ́kọ́ fi ddrescue, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe ẹ̀dà hard drive tó ń bàjẹ́, da gbogbo rẹ̀ kọ sórí òmíràn tí kò kéré sí i, lórí ẹ̀dà yẹn ni n óò ti ṣiṣẹ́.

Bí ẹ bá sì ti gbà kí ó format ná, ẹ má kọ ohunkóhun sí i mọ́. Quick format sábà máa ń pa atọ́ka nìkan rẹ́, ọ̀pọ̀ fáìlì sì ṣì ṣeé kó jáde. Èyí tí kì í ṣe quick ń kọ òdo bo gbogbo ojú àwo láti ìgbà Windows Vista, tí èyí bá sì ti parí, èmi náà kò ní nǹkan tí mo lè fi kó o padà.