Kẹ̀kẹ́ lórí ọ̀nà yangí: ìbéèrè yín àti ìdáhùn mi

Ẹ̀yin ará Èkìtì, fídíò kan ń ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn lọ́sẹ̀ yìí, níbi táwọn òyìnbó ti ń gun kẹ̀kẹ́ lọ́nà tí ò ní ọ̀dà rárá, eruku funfun bo gbogbo ojú wọn, oko àjàrà lọ́tùn-ún lósì, ẹni tó fi í ránṣẹ́ sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé "ẹ wò ó, Ítálì náà ò ní títì." Torí pé mo máa ń gun kẹ̀kẹ́ gba ọ̀nà oko láràárọ̀ Sátidé, kẹ̀kẹ́ ológeere o, kì í ṣe Marwa, èmi ni gbogbo yín wá ń bi. Mo ti kó ìbéèrè yín jọ.

Kí ni eré yẹn ń jẹ́ gan-an?

Gravel ni wọ́n ń pè é. Kéèyàn máa gun kẹ̀kẹ́ lórí òkúta wẹ́wẹ́, yangí àti erùpẹ̀ ni. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jọ ti àwọn tó ń sáré lórí títì, ibi téèyàn ń dì mú níwájú ká sísàlẹ̀ bí ìwo àgbò, àmọ́ táyà rẹ̀ fẹ̀ jùyẹn lọ, ó lè tó mìlímítà 40, gía rẹ̀ sì wà fún òkè gígùn. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti ń ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní Unbound báyìí nílùú Emporia ní Kansas láti 2006, máìlì 200 ni wọ́n sì máa ń gùn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọdún 2022 ni UCI, àjọ tó ń darí eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé, bẹ̀rẹ̀ ìdíje àgbáyé fún un, ní Veneto ní Ítálì.

Kí ló dé tó jẹ́ àárín oko àjàrà ni wọ́n ń gbà?

Àjàrà fẹ́ràn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè torí pé omi kì í dúró sídìí rẹ̀ níbẹ̀. Abúlé àwọn tó ń gbìn ín náà wà lórí òkè, ọ̀nà tóóró ló so oko mọ́ abúlé, mọ́tò ò sì pọ̀ níbẹ̀. Ẹlẹ́ṣin irin kí ló tún ń wá? Ìdíje àgbáyé ti 2023 parí ní Pieve di Soligo, láàárín àwọn òkè tí wáìnì Prosecco ti ń wá, UNESCO, àjọ àgbáyé fún ẹ̀kọ́ àti àṣà, sì ti ka àwọn òkè yẹn mọ́ ogún àgbáyé láti 2019.

Ṣé wọ́n máa ń mu wáìnì lórí kẹ̀kẹ́?

Àwọn tó ń díje, rárá. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti ń gùn ún fún fàájì, wọ́n máa ń gbé wáìnì díẹ̀ àti búrẹ́dì kalẹ̀ níbi ìsinmi.

Ṣé Ítálì ò rówó da ọ̀dà ni?

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ farabalẹ̀ kà nìyí, torí mo ti rí ẹni tó ń fi fídíò yẹn sọ pé ká yéé bá ìjọba jà lórí ọ̀nà wa.

Wọ́n rówó. Àwọn ọ̀nà funfun tó wà lágbègbè Chianti, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Ní 1997, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Giancarlo Brocci kó àwọn èèyàn jọ ní Gaiole in Chianti, 92 péré ni wọ́n lọ́dún yẹn, wọ́n gun kẹ̀kẹ́ àtijọ́ gba àwọn ọ̀nà náà kí ẹnikẹ́ni má bàa da ọ̀dà bo àwọn ọ̀nà náà pa. L'Eroica ni wọ́n pè é. Inú rẹ̀ ni Strade Bianche ti jáde ní 2007, ìdíje àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ jẹun, tó máa ń parí láàárín ìlú Siena. Ìtumọ̀ orúkọ yẹn ò ju "ọ̀nà funfun" lọ.

Àmọ́ ọ̀nà tí wọn ò da ọ̀dà sí yàtọ̀ sí ọ̀nà tí wọ́n pa tì. Ti wọn yẹn, wọ́n ń tún un ṣe, àárín rẹ̀ ga díẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ lọ, gọ́tà wà létí rẹ̀, omi òjò á yà síbẹ̀. Ẹ wá lọ wo ọ̀nà oko wa lẹ́yìn òjò ńlá kan. Àárín ọ̀nà gan-an ni ọ̀gbàrá ń gbà, á gbẹ́ ẹ jinlẹ̀, á kó erùpẹ̀ lọ, á wá ku òkúta tó yọ ṣóńṣó síta, àti gbòǹgbò igi tó wà níhòòhò. Ìyẹn kì í ṣe gravel, ọ̀nà tó ti bàjẹ́ ni. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbé aboyún gbà lọ sílé ìwòsàn, tí ọkọ̀ kòkó ń gbà, ẹ jẹ́ ká máa bèèrè ọ̀dà fún un títí wọ́n á fi dà á. Ọ̀nà oko tó kù, grédà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, gọ́tà àti kọ́fáàtì níbi tómi ti ń kọjá, àgbẹ̀ á jàǹfààní ẹ̀ kí ẹlẹ́ṣin irin kankan tó débẹ̀.

Ṣé eré òyìnbó nìkan kọ́ nìyí?

Biniam Girmay ọmọ Eritrea borí ní ìpele mẹ́ta nínú Tour de France 2024, ìdíje kẹ̀kẹ́ ńlá ilẹ̀ Faransé, ó sì wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ewé délé, èyí tí wọ́n ń fún ẹni tí máàkì rẹ̀ bá pọ̀ jù. Ní September 2025, Kigali ní Rwanda ni wọ́n ti ṣe ìdíje àgbáyé ti orí títì, ìgbà àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà. Orí òkè ni wọ́n sì kọ́ Kigali lé bíi tiwa.

Obìnrin ńkọ́?

Kasia Niewiadoma gba ipò kìíní nínú ìdíje àgbáyé gravel ti obìnrin ní 2023, Marianne Vos gbà á ní 2024, ẹ gun kẹ̀kẹ́ yín.

Ṣé Èkìtì bá eré yìí mu?

Òkìtì ni wọ́n ní orúkọ wa ti wá. Ẹ ti Arámọkọ gba Ẹ̀rìnjìyàn dé Ìkògòsì, tàbí kẹ́ ẹ yà sí Ìpólé-Ìlórò níbi tí omi Arinta ti ń já bọ́ látorí àpáta, tàbí kẹ́ ẹ kọjú sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè àti Òkèmẹ̀sí, itan yín á sọ fún yín. Títì wà láàárín àwọn ìlú yẹn o, àwọn ọ̀nà oko tó ya kúrò lára títì ni mò ń sọ. Tẹ́ ẹ bá sì dé Ìkògòsì, ẹ ti ẹsẹ̀ bọ ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé. Ó ń tú iṣan.

A ò ní àjàrà, ọ̀pẹ la ní, àwọn adẹ́mu wa sì ti ń gun ọ̀nà yìí tipẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan lọ́nà Ẹ̀rìnjìyàn, táyà ẹ̀yìn mi ń yọ̀ ṣáá lórí òkúta, mi ò lè gun òkè kékeré kan. Bàbá kan ń ti kẹ̀kẹ́ tiwọn bọ̀, kẹ́ẹ̀gì ẹmu mẹ́ta ni wọ́n fi rọ́bà táyà dì sẹ́yìn, ewé ni wọ́n fi dí ẹnu àwọn kẹ́ẹ̀gì náà, ìfóófòó ń ru jáde lára ewé náà. Mo kí wọn. Wọ́n dúró, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ táyà mi, wọ́n mirí. "Ọmọ mi, ó ti le jù. Tú atẹ́gùn díẹ̀ dànù." Mo tú u, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, wọ́n ní kí n tún tú díẹ̀ sí i, títí àtàǹpàkò wọn fi wọlé díẹ̀. Mo gun òkè yẹn lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun táwọn tó ń ṣe gravel ń wí náà nìyẹn, táyà tó rọ̀ díẹ̀ ló ń di ilẹ̀ mú. Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ fọ́kanáísà, ẹ má jẹ́ kó fẹ́ ẹ kó le bí òkúta.

Ẹmu wá ńkọ́?

Ẹ rà á, ó di ilé kẹ́ ẹ tó mu ún. Àtìgbà tó bá ti ń kán sínú akèrègbè ló ti ń di ọtí, láàárín wákàtí méjì ó lè tó ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí náà ẹmu àárọ̀ tó dùn bí oyin yẹn, ọtí wà nínú ẹ̀. Ẹ má sì dé ẹnu kẹ́ẹ̀gì pa o. Ó nídìí tí bàbá yẹn fi fi ewé dí tiwọn, torí tí ọ̀nà bá ń gbọ̀n ọ́n tí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ ò ríbi jáde, á bẹ́.

Kẹ̀kẹ́ Raleigh bàbá mi wà ní yàrá ẹ̀yìn, ṣó lè ṣe é?

Ó lè ṣe é. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà bíréèkì àti táyà, ẹ fi òróró sí ṣéènì. Níbi tó bá ga jù, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kẹ́ ẹ tì í.

Kí ló léwu jù lórí kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀?

Ìsọ̀kalẹ̀. Èèyàn ń làágùn gun òkè, ojú ẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, àmọ́ tó bá ń bọ̀ nísàlẹ̀, inú á dùn, á gbàgbé. Sule Kangangi, ọmọ Kenya tó ń ṣáájú àwọn ẹlẹ́ṣin irin Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, kú nínú ìdíje gravel ní Vermont ní August 2022, ẹni ọdún 33 ni, ó mọ kẹ̀kẹ́ jù wá lọ fíìfíì. Ẹ dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì. Ẹ fún bíréèkì kẹ́ ẹ tó dé kọ́nà, kì í ṣe nínú kọ́nà. Lẹ́yìn òjò, erùpẹ̀ pupa wa máa ń yọ̀ bí ilá, ẹ dúró dọjọ́ kejì.

Àwọn ajínigbé ńkọ́?

Ẹ̀rù yẹn tọ́, mi ò ní fojú kékeré wò ó. Ní January 2024 wọ́n pa ọba méjì lọ́nà ní ìpínlẹ̀ wa, ọjọ́ kan náà ni wọ́n jí àwọn ọmọ iléèwé gbé ní Èmùré. Nítorí náà, èmi kì í dá lọ. Ọmọ àdúgbò gbọ́dọ̀ wà nínú wa. A máa ń jáde tí ilẹ̀ bá ti mọ́ kedere, a ó sì ti padà délé kí oòrùn tó kanrí. Ìyàwó mi mọ ọ̀nà tí mo gbà, nọ́ńbà Àmọ̀tẹ́kùn wà lórí fóònù mi. Igbó tó wà lẹ́nubodè lápá Kogi àti Kwara, mi ò dé ibẹ̀. Abúlé tó bá gbẹ̀yìn kígbó tó bẹ̀rẹ̀, a máa ń dúró bi wọ́n bóyá ọ̀nà dáa. Wọ́n ti ní ká padà nígbà kan, a ò bèèrè ìdí, a padà.

Tá a bá wọ abúlé, kí la máa ṣe?

Ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má jókòó sórí kẹ̀kẹ́ kí àgbà, ẹ má sì sáré gba ojúde ẹnikẹ́ni kọjá, tí wọ́n bá sá kòkó síbẹ̀, ẹ ti kẹ̀kẹ́ yín gba ẹ̀gbẹ́. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ ti ń bọ̀ àti ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ kí wọ́n tó bi yín. Tẹ́ ẹ bá nílò omi, ẹ tọrọ, tẹ́ ẹ bá rí ohun tí wọ́n ń tà, ẹ rà lọ́wọ́ wọn.