"Wọn kì í fọ̀bẹ kan SS": ìbẹ̀rù tó ń pa èèyàn ju ọ̀bẹ lọ

Ó ti sú mi gan-an láti máa gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Dókítà á ní kí ọmọ tó jẹ́ SS wá ṣe ọpẹréṣọ̀n, kí ìyá ẹ̀ tó délé àdúgbò ti gbọ́, àwọn àgbà obìnrin á ti jókòó sí pálọ̀, "Ẹ̀jẹ̀ tí ò tó tẹ́lẹ̀ náà lẹ tún fẹ́ lọ tú dànù yìí?", "Wọn kì í fọ̀bẹ kan ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde o, inú tíátà ló máa kú sí", títí ìyá á fi ti káàdì ọsibítù bọ báàgì tí ò ní padà lọ mọ́. Mi ò bú wọn o. Ìfẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, púpọ̀ nínú wọn ló sì mọ ẹnì kan tó wọlé tí ò jáde. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni nǹkan tó pa onítọ̀hún, torí lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe ọ̀bẹ.

Àwọn SS gan-an lọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ sì máa ń kàn. Sẹ́ẹ̀lì pupa tiwa máa ń lo bí oṣù mẹ́rin nínú ara kó tó gbó, tiwọn ò sábà ju ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lọ tó fi máa fọ́, ohun tó ń jáde lára ẹ̀jẹ̀ tó fọ́ yẹn ló ń jẹ́ kí ojú wọn yẹ́lò, òun náà ló ń dì di òkúta nínú àpò òróòro, kì í ṣe pé wọ́n jẹ ọ̀rá jù. Tó bá jẹ́ ti ìbàdí ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ ò ráyè dé orí eegun itan mọ́, eegun yẹn á máa kú díẹ̀díẹ̀, ọmọ tí ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún á máa fi ọ̀pá tiro kiri, wọ́n á ní wọ́n fi nǹkan sílẹ̀ fún un ló tẹ̀ ẹ́. Kò tẹ nǹkan kan. Wọ́n lè pààrọ̀ oríkèé yẹn fún un kó máa rìn. Àjọ WHO sì ti fojú bù ú pé bí ọmọ 150,000 ló ń ní àìsàn yìí wáyé ní Nàìjíríà lọ́dọọdún, torí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ èèyàn méjì mẹ́ta là ń sọ.

Kí ló wá ń ṣe wọ́n nínú tíátà? Sẹ́ẹ̀lì SS, tí ara bá tù ú, rìbìtì ló ń ṣe bíi tàwọn yòókù. Ìgbà tí ọ́síjìn bá kéré, tí omi ara bá gbẹ, tí òtútù bá mú un, tàbí tí àkóràn wọlé, ìgbà yẹn ló máa ń tẹ̀ bíi dòjé, á le, wọ́n á wá máa há síra wọn nínú iṣan. Ẹ wá wo ọjọ́ ọpẹréṣọ̀n. Wọ́n ní kó má jẹ kó má mu láti alẹ́, tíátà tutù rinrin, wọ́n kùn ún lóorun, tó bá tún jí, ibi tí wọ́n là ń dùn ún débi pé kò lè mí kanlẹ̀. Gbogbo ohun tó ń fa kíráísìsì, ìyẹn ìrora ńlá tó máa ń dé tí sẹ́ẹ̀lì bá há síra wọn báyẹn, ló pé síbẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kò sì sí èyí táwọn dókítà ò mọ bí wọ́n ṣe ń dènà ẹ̀ nínú gbogbo ẹ̀.

Ẹ mú ti omi. Kíndìnrín ẹni tó jẹ́ SS kì í lè dá omi ara dúró bíi ti ẹlòmíì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dìde tọ̀ lóru lemọ́lemọ́. Tẹ́ni tó jẹ́ AA ò bá mu omi láti òru títí di aago méjì ọ̀sán torí wọ́n ní tíátà ò tíì ṣófo, òǹgbẹ lásán ni, ẹni tó jẹ́ SS lè ti wọ kíráísìsì kí wọ́n tó gbé e wọlé. Òfin tí wọ́n ń tẹ̀ lé ni pé oúnjẹ ni èèyàn ń dáwọ́ ẹ̀ dúró ní wákàtí mẹ́fà ṣáájú, omi lásán ṣì lè wọlé títí di wákàtí méjì, tí dókítà tó fẹ́ kùn ún lóorun bá ti fọwọ́ sí i, tí ò bá wá lè mu omi kí wọ́n gbé dírípù kọ́ fún un. Ẹ bèèrè. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ṣe àkọ́kọ́ láàárọ̀. Ojúsàájú kọ́ nìyẹn, ìtọ́jú ni.

Ti ẹ̀jẹ̀ náà ní ọ̀nà. Ìwádìí kan wà tí wọ́n ń pè ní TAPS, ó jáde nínú Lancet, ìwé ìròyìn àwọn dókítà, lọ́dún 2013, wọ́n pín àwọn tó ní àìsàn yìí tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ sọ́nà méjì, wọ́n fún apá kan lẹ́jẹ̀ ṣáájú, wọn ò fún apá kejì. Nínú 33 tí wọn ò fún, 13 ló ní wàhálà lẹ́yìn ẹ̀, nínú 34 tí wọ́n fún, 5 péré. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi lè fẹ́ kí PCV ẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń yẹ̀ wò, sún mọ́ 30 kí wọ́n tó là á. Àmọ́ ẹ má ní kí wọ́n máa fún un lẹ́jẹ̀ títí á fi bá tiyín dọ́gba o, tó bá pọ̀ jù ẹ̀jẹ̀ á ki, kíkì yẹn náà tún ń fa kíráísìsì.

Ibi tó ń dùn mí jù rèé. Gbogbo ètò yìí gba àkókò, wọ́n gbọ́dọ̀ wá ẹ̀jẹ̀ tó bá tiẹ̀ mu dáadáa, kí dókítà ẹ̀jẹ̀ àti ẹni tó máa kùn ún lóorun ti rí i sílẹ̀. Ta ló máa ní àkókò yẹn? Ẹni tó lọ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ pè é ni. Ẹni tí wọ́n dẹ́rù bà, tó jókòó ti àgbo títí òkúta fi dí ọ̀nà òróòro, tí ibà mú un tó ń gbọ̀n, òru ni wọ́n máa gbé e dé, PCV ti já, ara ti gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ò sí nílẹ̀, dókítà tó wà lórí dúútì ò rí i rí. Tó bá kú, wọ́n á ní "ṣé a ò sọ?" Ìbẹ̀rù yẹn ló jẹ́ kó pẹ́ nílé, ikú ẹ̀ náà ni wọ́n á tún fi dẹ́rù ba ẹlòmíì. Àwọn kan tún wà tí wọ́n á fi jẹnotáìpù pamọ́ fún dókítà kí wọ́n má baà lé wọn padà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò.

Ọjọ́ tí wọ́n là á gan-an sì kọ́ ló yẹ ká bẹ̀rù jù, ọjọ́ kejì sí ìkẹta ni, àyà ni ká sì máa ṣọ́. Torí ìrora, á máa mí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, afẹ́fẹ́ ò ní dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, sẹ́ẹ̀lì á tẹ̀ síbẹ̀, ó di ikọ́, àyà dídùn, ọ́síjìn á máa já wálẹ̀. Ìyẹn ló ń pa wọ́n jù. Ike kékeré kan wà tó ní bọ́ọ̀lù mẹ́ta nínú, èèyàn á fi ẹnu fa afẹ́fẹ́ nínú ẹ̀ kí bọ́ọ̀lù lè gòkè, fífà ni o, kì í ṣe fífẹ́. Ìwádìí kan lọ́dún 1995 lo ohun èlò mímí báyìí fáwọn SS tí àyà tàbí ẹ̀yìn ń dùn, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ní wákàtí méjì-méjì láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di mẹ́wàá alẹ́, ó sì dín wàhálà ẹ̀dọ̀fóró kù gan-an. Nígbà tí wọ́n yọ òróòro àbúrò mi obìnrin, èmi ni mo jókòó tì í. Ó gbá ìrọ̀rí mọ́ ibi tí wọ́n là, ó fà á, bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ kàn gbọ̀n díẹ̀ nísàlẹ̀ ni, omi bọ́ lójú ẹ̀, ó ní òun ò ṣe mọ́. Nọ́ọ̀sì fún un lábẹ́rẹ́ ìrora, ó dúró kó wọlé sí i lára, ó ní "ó yá, fà á." Kílẹ̀ tó ṣú bọ́ọ̀lù kejì ti ń gòkè.

Ẹ rí i pé abẹ́rẹ́ yẹn ló jẹ́ kó lè mí. Nítorí náà ẹ má máa sọ fún wọn pé "fara dà á, kó má di pé o ò ní lè ṣe kó o má gba abẹ́rẹ́ mọ́." Ẹni tó ń fún ara ẹ̀ lábẹ́rẹ́ nílé, tó ń rà á ní kẹ́mísìtì láìsí dókítà, ìyẹn léwu lóòótọ́, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Èyí tí dókítà ń fún un ní wọ́ọ̀dù tó sì ń dín in kù díẹ̀díẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbà á lásìkò. Kó wọ ṣọ́ọ̀kìsì, kí búláńkẹ́ẹ̀tì tilé wà níbẹ̀, tí wọ́n bá ti ní kó dìde kẹ́ ẹ ràn án lọ́wọ́ kó rìn, torí ẹ̀jẹ̀ wọn tètè ń dì sí ẹsẹ̀.

Ẹlòmíì á ní "egbò SS kì í jinná." Egbò ọrùn ẹsẹ̀ ni wọ́n ń rò, ìyẹn máa ń pẹ́ lóòótọ́ torí ẹ̀jẹ̀ ò ráyè dé ibẹ̀ dáadáa. Ojú ọ̀bẹ lára ikùn kì í ṣe irú ẹ̀, ó ń jinná, ẹ kàn fún un ní ẹyin, ẹja àti ẹ̀wà kó jẹ, kẹ́ ẹ má da nǹkan kan lé e.

Tẹ́ ẹ bá ti délé, kó máa lo fólíìkì ásíìdì ẹ̀ àti oògùn tó ń lò tẹ́lẹ̀ bí dókítà ṣe wí. Tára ẹ̀ bá gbóná tó 38, tí àyà ń dùn ún, tí mímí le, tí ẹsẹ̀ kan wú, ẹ má dúró di àárọ̀. Tí wọ́n bá fún un lẹ́jẹ̀, ẹ máa wo ìtọ̀ ẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tó bá dúdú bíi kóòkì, tí ojú sì tún yẹ́lò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ara ẹ̀ lè máa bá ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fún un jà nìyẹn, ẹ gbé e padà kíákíá. Ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ sọ níbẹ̀ ni pé SS ni, ẹ tún sọ ọjọ́ tó gbẹ̀jẹ̀ gbẹ̀yìn, torí tí wọn ò bá mọ̀, òmíì ni wọ́n máa tún fẹ́ fún un, ìyẹn sì lè mú kó burú sí i.